Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Fi Ìtẹ̀ka Epo Rọ̀bì Mọ Ohun Tó Ń Lọ Nínú Reservoir

Kànga kan ní Niger Delta lè gba inú ìpele yanrìn mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí epo lè wà nínú wọn (reservoir nìyẹn) kọjá kó tó dé ìsàlẹ̀ pátá, yanrìn rèé, shale (àpáta amọ̀ tó máa ń dí epo) rèé, yanrìn, shale, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò léra nínú Agbada Formation, àwọn àpáta Niger Delta tí gbogbo wa ń jẹun lórí ẹ̀, fault, ìyẹn ibi tí àpáta ti là tó sì yẹ̀, á tún wá gé gbogbo ẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìbéèrè kan náà fi máa ń jáde ní gbogbo mítíǹgì. Ṣé epo kànga 4 àti epo kànga 7 jọ wà pọ̀ ni, àbí fault tó wà láàárín wọn ti dí i pa? Páìpù kan tó ń fa yanrìn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, yanrìn wo ló ń mú mélòó wá nínú ẹ̀? Kí ló dé tí epo yanrìn òkè fi wúwo tó báyìí, tí ti ìsàlẹ̀ sì fúyẹ́?

Seismic, ìyẹn àwòrán abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi ìró yà, á fi ibi tí fault wà hàn yín, kò ní sọ bóyá ó ń jò. Prẹ́ṣọ̀ á sọ bí nǹkan ṣe rí lónìí, kò ní sọ bó ṣe rí kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Epo fúnra ẹ̀ ló mọ ibi tó gbà wá, àwa la ní láti mọ bá a ṣe máa bi í. Ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, whole-oil GC (gas chromatography) ni wọ́n ń pè é ní láàbù: ẹ̀rọ á ya àwọn mólékù inú epo sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á yà wọ́n sórí graph bíi ṣóńṣó, bí ṣóńṣó yẹn ṣe rí ni ìtẹ̀ka epo náà. Owó ẹ̀ ò tó nǹkankan tẹ́ ẹ bá fi wé owó kànga tuntun kan, àmọ́ ọ̀pọ̀ tíìmù ni ò ní rántí ẹ̀ àfìgbà tí wàhálà bá dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí epo inú fíìdì kan fi ń yàtọ̀ síra, torí ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á kàn máa ya graph lásán ni. Epo kì í dé lọ́jọ́ kan. Àpáta tó ń bí i máa ń gbóná díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, èyí tó kọ́kọ́ jáde ò tíì jinná púpọ̀, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á jinná jù ú lọ, á fúyẹ́, gáàsì inú ẹ̀ á sì pọ̀. Tó bá wá jẹ́ pé apá kan ni epo ń gbà wọ reservoir, èyí tó kọ́kọ́ dé á ti sún lọ sí ìkangun kejì, tuntun á wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé wọn ò ní para pọ̀ ni? Lóòró, wọ́n lè para pọ̀, reservoir tó nípọn tó 100 mítà, epo inú ẹ̀ lè dọ́gba láàárín bíi mílíọ̀nù ọdún kan. Ní ìbú ńkọ́, láti ìkangun fíìdì kan dé ìkejì, kìlómítà mélòó kan nìyẹn, tó bá jẹ́ pé mólékù ló ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn ín, ó lè gbà tó ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún mílíọ̀nù ọdún, ọ̀pọ̀ reservoir ò sì tíì gba epo sínú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Fíìdì Forties ní North Sea, tí BP rí ní 1970, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàpẹẹrẹ, epo inú ẹ̀ ò rí bákan náà láti ìhà kan dé ìkejì, bẹ́ẹ̀ fíìdì kan ṣoṣo ni.

Àwọn nǹkan míì náà tún ń da epo rú lẹ́yìn tó bá ti wọlé tán. Kòkòrò bakitéríà máa ń jẹ ẹ́ níbi tí epo ti pàdé omi tí reservoir ò bá gbóná tó 80°C. Omi tó ń ṣàn kọjá lábẹ́ ẹ̀ á máa fọ benzene àti toluene lọ torí àwọn yẹn ló tètè ń yòrò nínú omi. Àwọn èyí tó wúwo á rọ̀ sísàlẹ̀. Gáàsì tó bá tún wọlé lọ́jọ́ iwájú lè mú kí asphaltene, àwọn mólékù tó wúwo jù nínú epo, dì sí ibì kan kó di ọ̀dà líle tí epo ò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Tí fault tàbí shale tó dí bá wá wà láàárín, ó di ilé face-me-I-face-you nìyẹn, òrùlé kan náà ló bo gbogbo wọn, àmọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń se ọbẹ̀ tiẹ̀.

Ó yá, iṣẹ́.

Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú ìgò kankan. Mi ò ṣeré o. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá fault ń dí, sámpù tó nílò yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́ pín epo yanrìn méjì, torí ẹni tó fẹ́ pín epo gbọ́dọ̀ ní epo yanrìn kọ̀ọ̀kan tó dá wà, láìsí àdàlù, kó tó lè ṣe ìṣirò kankan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òfo ni gbogbo ẹ̀. Ìgbà tó dáa jù láti gba èyí ni ìgbà tí wọ́n ń dán yanrìn kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n tó ṣí méjèèjì papọ̀. Tí ìgbà yẹn bá ti lọ, ẹ wá kànga míì ní ìtòsí tó ń fa yanrìn yẹn nìkan, ní apá kan náà lára fault. Ó burú díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ó ṣeé lò.

Nípa gbígba sámpù, ibí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ju ibikíbi lọ, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ. Orí kànga ni kẹ́ ẹ ti gbà á, ẹ má gbà á nínú táńkì níbi tí epo kànga mẹ́fà ti dà pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ production ni kó ṣí fáàfù fún yín, kì í ṣe ẹ̀yin, kẹ́ ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lọ láti ọ̀dọ̀ yín sí ọ̀dọ̀ epo, kí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì wà láyà yín, kí fóònù sì wà nínú mọ́tò. Èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú páìpù kékeré tí wọ́n ń gba sámpù níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣàn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, torí ó lè ti sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí àwọ̀ ẹ̀ ò bá yí padà mọ́, tí omi àti fọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ti dínkù, ẹ wá gbé ìgò síbẹ̀.

Ìgò gíláàsì o, èyí tó dúdú tàbí tó pọ́n, kí oòrùn má baà wọ ibẹ̀. Ẹ má lo ike, bó ti wù kó mọ́ tó, torí kẹ́míkà inú ike máa ń jò sínú epo, á wá yọ ṣóńṣó tirẹ̀ sórí graph, ẹ ó máa rò pé ẹ ti rí nǹkan. Ìdérí tó ní rọ́bà nínú náà ò dáa, èyí tó ní Teflon ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kún un dé ọrùn, kẹ́ ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ torí ooru, kẹ́ ẹ dé e pa lójú ẹsẹ̀, nítorí mólékù kéékèèké ti ń fò lọ látìgbà tẹ́ ẹ ti ṣí ìgò, èyí tó bá sì sọ nù ò ṣeé dá padà. Ẹ gba méjì fún kànga kọ̀ọ̀kan. Lára ìgò, ẹ fi bírò tí epo ò lè pa rẹ́ kọ orúkọ kànga, páìpù wo, yanrìn wo, jíjìn, déètì, aago, ìwọ̀n choke (ohun tó ń dín ìṣàn epo kù lórí kànga), prẹ́ṣọ̀ àti ìgbóná orí kànga. Kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn operator, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ torí àwọn ló mọ kànga yẹn jù yín lọ, kẹ́míkà tí wọ́n ti dà sínú ẹ̀ láìpẹ́: demulsifier (èyí tó ń ya omi kúrò lára epo) ni àbí diesel tí wọ́n fi yọ ìda? Diesel ló ń dáyà já mi jù nínú gbogbo wọn, ó bo bíi láti C10 dé C22 (nọ́ńbà yẹn ni iye carbon tó wà nínú mólékù kan), àárín ibi tá a fẹ́ kà gan-an ló lọ jókòó sí. Epo tí wọ́n gbà pẹ̀lú MDT (irinṣẹ́ tí wọ́n ń sọ sínú kànga láti gba sámpù) nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga náà ní wàhálà tiẹ̀, mud (èròjà ṣíṣàn tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga) tó jẹ́ olóròóró á ti wọ inú ẹ̀, ẹ ó rí ṣóńṣó ńláńlá bíi mẹ́ta mẹ́rin tí ò jọ ará ilé ní ìtòsí C14, C16, C18. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní mud náà díẹ̀ nínú ìgò, kẹ́ ẹ gbé òun náà gba inú ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tẹ́ ẹ máa fò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọ mọ́tò èrò. Ó ń gbaná.

Ní láàbù, tí omi bá wà nínú epo, ẹ fi centrifuge yí i kí omi lè sọ̀ sísàlẹ̀, ẹ má gbé e lé iná kó lè yọ́. Ẹ̀rọ GC tó ní FID (ẹ̀yà tó ń fi iná ka mólékù tó bá jáde) ló tó fún wa, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ olówó iyebíye. Column ẹ̀, ìyẹn páìpù tí epo ń gbà kọjá, gùn tó 50 sí 60 mítà, ó tín-ín-rín, ihò àárín ẹ̀ ò ju 0.25 mílímítà lọ, wọ́n ká a róbótó sínú ààrò ẹ̀rọ náà. Epo tí ò tó ẹ̀kán kan lẹ ó fi abẹ́rẹ́ fún un, ààrò á bẹ̀rẹ̀ láti bíi 35 tàbí 40°C, á máa gòkè ní ìwọ̀n díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí dé bíi 300°C sókè, gbogbo ẹ̀ á gbà yín tó wákàtí kan àtààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n ń fi ìkánjú ṣe é ní ogójì ìṣẹ́jú, àwọn ṣóńṣó kéékèèké á gun ara wọn lórí, àwọn kéékèèké yẹn gan-an la sì wá wá.

Ẹ wo ohun tó máa jáde dáadáa. Ẹ ó rí àwọn ṣóńṣó gíga tó tò lẹ́sẹẹsẹ, àlàfo àárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, n-alkane nìyẹn, àwọn mólékù tí carbon wọn tò gbọọrọ láìlẹ́ka, C8, C9, C10, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé C17, ẹ ó rí ẹnìkan tó dúró tì í lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí, pristane ni. Lẹ́yìn C18, phytane náà á dúró tì í. Ojú gbogbo èèyàn ló máa ń lọ sára àwọn gíga yìí, àmọ́ àwọn gíga ò sọ púpọ̀ fún wa lórí ọ̀rọ̀ bóyá kànga méjì jọ wà pọ̀. Ẹ sún graph náà mọ́ra, kẹ́ ẹ wo àárín C10 sí C11 fún àpẹẹrẹ, ẹ ó rí ògìdìgbó ṣóńṣó kúkúrú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lórúkọ tí ẹnikẹ́ni mọ̀ dájú, naphthene lóríṣiríṣi àti aromatic, àwọn mólékù tí carbon wọn so bí òrùka. Bí wọ́n ṣe ga sí síra wọn ni ìtẹ̀ka epo yẹn. Epo méjì tó ti ara àpáta kan náà wá, tí API wọn (òṣùwọ̀n bí epo ṣe fúyẹ́ tó) jọ ara wọn, tí ojú lásán ò lè yà sọ́tọ̀, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti máa ń yàtọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó nìyí. Ẹ mú ṣóńṣó méjì tó sún mọ́ra gan-an, ẹ pín gíga ọ̀kan sí gíga ìkejì, ráṣíò kan nìyẹn. Ìdí tá a fi ní kí wọ́n sún mọ́ra ni pé tí epo bá tilẹ̀ ti gbẹ díẹ̀ nínú ìgò tàbí tí abẹ́rẹ́ yín ò gbé iye kan náà, àwọn méjèèjì jọ máa jìyà ẹ̀ ni, ráṣíò ò ní fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Gíga ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe fífẹ̀ abẹ́ ẹ̀, torí ibi tí ṣóńṣó ti há mọ́ra báyìí kọ̀ǹpútà kì í mọ ibi tó yẹ kó fa ìlà sí. Àárín C8 sí C18 ló dáa jù, ìsàlẹ̀ C8 ti fò lọ ní ọ̀pọ̀ ìgò.

Ẹ wá ráṣíò bíi ọgọ́ta, ọgọ́rin, kẹ́ ẹ wá jù púpọ̀ nínú wọn nù. Báwo lẹ ó ṣe mọ èyí tẹ́ ẹ máa jù nù? Ẹ ti gbé epo kan náà gba inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin, àbí ẹ ò ṣe é? Ráṣíò tí iye ẹ̀ ń fò sókè fò sódò nínú epo kan ṣoṣo, ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe epo. Èyí tó dúró sójú kan nínú epo kan, àmọ́ tó yàtọ̀ gedegbe láti kànga dé kànga, ẹ mú un. Ìwọ̀n tí mo máa ń fẹ́ ni kí ìyàtọ̀ àárín kànga fi ìlọ́po mẹ́ta ó kéré tán ju ìyàtọ̀ tó wà nínú sámpù kan náà lọ. Tó bá ku mẹ́wàá sí méjìlá lọ́wọ́ yín, ó ti tó. Ẹ sì máa ti epo kan tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa bọ àárín wọn, lẹ́yìn sámpù márùn-ún márùn-ún, kẹ́ ẹ lè mọ̀ tí ẹ̀rọ bá ti ń yí ohùn padà. Gbogbo sámpù tẹ́ ẹ fẹ́ fi wéra, láàbù kan, column kan, ọ̀sẹ̀ kan náà tó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà láàbù kan ní Port Harcourt ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn tó fẹ́ fi wé ti Houston lónìí, ó ń tan ara ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ẹ lè ya star plot, ráṣíò kọ̀ọ̀kan ní apá tiẹ̀, ẹ fi ìlà so wọ́n pọ̀, kànga kọ̀ọ̀kan á ní ìràwọ̀ tiẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ràn ẹ̀ torí ó dùn-ún wò. Èmi ò gbẹ́kẹ̀ lé e tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mú scale yẹn sún díẹ̀ lè sọ ìràwọ̀ méjì di ọ̀kan tàbí kó sọ ọ̀kan di méjì. Ẹ fi cluster analysis (ìṣirò tó ń kó àwọn sámpù tó jọra sójú kan) kún un, kẹ́ ẹ sì fi àwọn ìgbà tẹ́ ẹ tún sámpù kan náà ṣe sínú ẹ̀. Tí ìgò méjì kànga kan náà bá jìnnà síra wọn ju kànga méjì tẹ́ ẹ ń jà lé lórí lọ, ẹ padà sí láàbù, ẹ ò tíì ní ìdáhùn kankan.

Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ wá kù, ibẹ̀ lèèyàn ti ń gbọ́n jù. Ìtẹ̀ka kan náà ò sọ pé kànga méjì jọ wà pọ̀ lónìí. Fault lè máa jò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún mílíọ̀nù ọdún, epo ìhà méjèèjì á sì dọ́gba, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo, jíjò yẹn ò ní tó nǹkankan láàárín ogún ọdún tí fíìdì yín máa lò, ó dí nìyẹn lójú engineer. Ó sì tún lè jẹ́ pé epo kan náà ló wọ yàrá méjì tí ò mọra wọn rí. Ní ìdàkejì, ìtẹ̀ka tó yàtọ̀ ò sọ pé ògiri wà láàárín wọn, mo ti sọ ti Forties lókè. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni bó ṣe yàtọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti kànga dé kànga bẹ́ ẹ ṣe ń rìn kọjá fíìdì, á jẹ́ pé epo náà ò tíì parapọ̀ tán ni, ògiri lè má sí níbẹ̀. Tó bá dọ́gba, tó dọ́gba, tó wá fò lójijì níbi tí seismic ti fi fault hàn, ẹ̀rí gidi nìyẹn. Kẹ́ ẹ wá gbé prẹ́ṣọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: ṣé ìlà prẹ́ṣọ̀ epo wọn bára mu, epo sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 0.3 sí 0.37 psi fún ẹsẹ̀ bàtà kan, omi ní 0.43 sókè, ṣé ibi tí epo ti pàdé omi jìn bákan náà ní ìhà méjèèjì, ṣé nígbà tí kànga 4 ń fa epo, prẹ́ṣọ̀ kànga 7 lọ sílẹ̀? Tí geochem (ìtẹ̀ka epo yìí) àti prẹ́ṣọ̀ bá ń jà, ẹ má yára pín ẹjọ́, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ mílíọ̀nù ọdún, ìkejì ń sọ̀rọ̀ ọdún mélòó kan, àwọn méjèèjì lè jàre.

Ti epo tí kòkòrò ti jẹ, àwa ará ìwọ̀-oòrùn gúúsù ò ní wá àpẹẹrẹ lọ jìnnà. Ọ̀dà tó wà nílẹ̀ ní Agbabu, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní agbègbè tí Nigerian Bitumen Corporation ti lọ gbẹ́lẹ̀ wò ní bíi 1908, epo tí wọ́n jẹ jẹ jẹ tó ku eegun ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e gba inú GC, ẹ ò ní rí àwọn ṣóńṣó gíga tó tò lẹ́sẹẹsẹ yẹn rárá, òkìtì kan ṣoṣo lẹ máa rí. Inú reservoir, kì í sábà burú tó bẹ́ẹ̀. N-alkane ni bakitéríà kọ́kọ́ máa ń jẹ, pristane àti phytane á ṣì kù fún ìgbà díẹ̀ torí wọ́n lẹ́ka lára, wọn ò rọrùn láti jẹ. Nítorí náà ẹ pín pristane sí n-C17, àti phytane sí n-C18, láti yanrìn dé yanrìn. Ká ní yanrìn ìsàlẹ̀ fún yín ní 0.6, ti àárín 0.9, ti òkè 2.5, ẹ ti mọ ìdí tí API fi ń já wálẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè, ẹ sì lè wo ìgbóná yanrìn kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ rí i pé ó bá 80°C yẹn mu. Ẹ má fi iye yìí wé ti fíìdì míì o, torí oríṣi àpáta àti bí epo ṣe jinná tó náà ń yí i. Tí kànga kan bá jẹ́ pé epo ẹ̀ ń wúwo sí i bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́ ibi tí omi wà nínú yanrìn kan náà, ẹ tètè sọ fún àwọn engineer, torí bí epo náà ṣe máa ṣàn níbẹ̀ ò ní rí bí ti òkè.

Nǹkan kan tó máa ń rú àwọn ọmọ tuntun lójú: epo tó ní n-alkane tó pé pérépéré, tí GC-MS (GC tó tún ń wọn ìwúwo mólékù) tún wá fi mólékù kan tó ń jẹ́ 25-norhopane hàn nínú ẹ̀. Èyí kejì, àmì pé bakitéríà ti jẹ epo náà gan-an ni. Báwo ni méjèèjì ṣe wà nínú ìgò kan? Epo méjì ni. Àkọ́kọ́ wọlé nígbà tí reservoir ṣì wà lókè tó tutù, wọ́n jẹ ẹ́, ilẹ̀ wá rì, ó gbóná, epo tuntun wọlé tí kò sí ẹni tó lè jẹ ẹ́ mọ́. Ìtàn fíìdì yín nìyẹn nínú ìgò kékeré kan.

Ó kan pípín epo, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún jù. Ẹ̀yin àti partner yín lè ní ìpín ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú yanrìn D àti yanrìn E, NUPRC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó wíwa epo, náà sì fẹ́ mọ ohun tó ń jáde níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú epo D nìkan, epo E nìkan, àti èyí tó dà pọ̀. Aṣìṣe tí mo ń rí nínú ìròyìn púpọ̀ ni pé wọ́n á mú ráṣíò, wọ́n á fa ìlà tààrà láti D dé E, wọ́n á sì ka ìpín lórí ẹ̀. Ráṣíò kì í rìn lórí ìlà tààrà. Ẹ wò ó, nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni mo lò o. Nínú ìwọ̀n epo kan náà, ṣóńṣó àkọ́kọ́ nínú D ga ní 60, ìkejì 50, ráṣíò 1.2. Nínú E, àkọ́kọ́ ga ní 80, ìkejì 100, ráṣíò 0.8. Ẹ da D 75% pọ̀ mọ́ E 25%. Ṣóńṣó àkọ́kọ́ á di 45 + 20, ìyẹn 65. Ìkejì á di 37.5 + 25, ìyẹn 62.5. Ráṣíò ẹ̀ jẹ́ 1.04. Ẹni tó fa ìlà tààrà á wo 1.04, á ní D jẹ́ 60%. Kànga tó ń mú 1,000 bárẹ̀lì wá lójúmọ́, 150 bárẹ̀lì ló ti fún ẹni tí kì í ṣe tiẹ̀ yẹn, lójoojúmọ́. Nítorí náà gíga ṣóńṣó lójú ara ẹ̀ lẹ ó fi ṣe ìṣirò, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí i dájú pé ìwọ̀n epo kan náà ló wọ ẹ̀rọ, tàbí kẹ́ ẹ fi mólékù kan tí kò sí nínú epo sí i ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ lè fi wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣe é fún gbogbo ṣóńṣó tẹ́ ẹ yàn, kí kọ̀ǹpútà wá ìpín kan tó bá gbogbo wọn mu jù.

Kẹ́ ẹ tó gba ìdáhùn yẹn gbọ́, ẹ po tiyín ní láàbù: 25 sí 75, 50 sí 50, 75 sí 25, ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n tó péye, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó ń ṣe ìṣirò láìsọ èyí tó jẹ́ fún un. Tí 50 bá ń padà wá bíi 48 tàbí 53, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá padà wá bíi 35, epo méjèèjì ti jọra jù, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn, ẹ má fi nọ́ńbà olójú mẹ́ta tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tẹ́ ẹ sì rí, ìpín ìwọ̀n wíwúwo epo tí gáàsì ti kúrò nínú ẹ̀ ni, ẹ ní láti lo density láti sọ ọ́ di bárẹ̀lì, pàápàá tí ọ̀kan bá fúyẹ́ ju ìkejì lọ. Gáàsì, ẹ ò lè pín in báyìí, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Biomarker ńkọ́, àwọn mólékù tó ṣẹ́kù látara ohun alààyè tó di epo? Ó dáa, hopane, sterane, oleanane, ẹ̀rọ GC-MS ló ń fi wọ́n hàn. Oleanane pọ̀ nínú epo Niger Delta torí àwọn igi olódòdó ló ti wá, ó sì ń jẹ́ ká mọ̀ pé àpáta tó bí epo náà ò dàgbà ju ìgbà Cretaceous lọ. Àmọ́ fún ìbéèrè kànga 4 àti kànga 7, kì í sábà wúlò, torí ó ṣeé ṣe kí gbogbo epo fíìdì yín ti ara oríṣi àpáta kan náà wá, biomarker wọn á wá jọra bí ìbejì. Ìgbà tí kò bá sí epo tó ń ṣàn lẹ máa nílò ẹ̀, ìyẹn nígbà tó jẹ́ pé core (ọ̀pá àpáta tí wọ́n gé jáde nínú kànga) tàbí cuttings (àpáta wẹ́wẹ́ tó bá mud jáde) ló wà lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ fi solvent yọ epo ara ẹ̀, tí gbogbo mólékù kéékèèké ti fò lọ. Ìgbà yẹn, Rock-Eval tàbí Iatroscan, àwọn ẹ̀rọ tó ń yẹ epo ara àpáta wò, láti mítà dé mítà á fi ibi tí ọ̀dà líle wà hàn yín, log (ìwọ̀n tí irinṣẹ́ gbà nínú kànga) lásán á kàn pe ibẹ̀ ní epo ni.

Gbogbo epo D àti epo E tó dá wà yẹn, ẹ má jù wọ́n nù. Ẹ pín in sínú ìgò kéékèèké tó kún dé ọrùn, kẹ́ ẹ tọ́jú wọn síbi tó tutù, kẹ́ ẹ sì máa gba sámpù àdàpọ̀ tuntun lóṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí ìgbàkígbà tí omi tàbí gáàsì kànga bá ṣàdédé yí. Tí ìpín D bá ti 75 já sí 40 lójijì, tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kan choke, kí àwọn ọmọ well services lọ wo packer (ohun tó ń dí àárín yanrìn méjì nínú kànga) àti tubing (páìpù tí epo ń gbà gòkè) ná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá geologist jà.